Nígbà Tí Àyà Ọmọ Bá Ń Já: Ohun Tó Wà Lọ́wọ́ Òbí

Ẹ̀yin tí ẹ pọn ọmọ wá, ẹ kú ọmọ o. Bí wọ́n bá ké, ẹ má sáré gbé wọn jáde. Ọ̀rọ̀ tiwọn náà la wá sọ.

Ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni bí òbí ṣe lè ran ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan tí gbogbo yín mọ̀, bóyá nílé yín ni, bóyá nílé aládùúgbò. Láti ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni inú á ti máa run ún. Kò ní jẹun tán. Á dìde lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí oorun tó gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n bá gbé yunifọ́ọ̀mù síwájú rẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, á ní orí ń fọ́ òun, ìgbà mìíràn á tilẹ̀ bì. Bàbá á ní irọ́ ló ń pa, ó fẹ́ ya ọ̀lẹ ni. Ìyá á gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e lọ́rùn, á ní ibà ni, á rán ẹ̀gbọ́n lọ sí kẹ́mísì. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá tí bọ́ọ̀sì iléèwé ti lọ, inú kò run ún mọ́, ó ti wà níta pẹ̀lú bọ́ọ̀lù. Bàbá á ní, “Ṣé mo wí?”

Bàbá kò tọ̀nà. Ìyá náà kò tọ̀nà. Inú ń run ọmọ yẹn lóòótọ́, kì í sì í ṣe ibà.

Bí ènìyàn bá rí ohun tó jọ ewu, ọpọlọ kì í dúró wádìí bóyá ewu náà jẹ́ òtítọ́. Wéré ló ti ní kí gbogbo ara múra àtisá tàbí àtijà. Ọkàn á máa lù kíkankíkan kí ẹ̀jẹ̀ lè yára dé apá àti itan. Èémí á yá. Iṣẹ́ á dín kù nínú ikùn, torí pé oúnjẹ dídà kọ́ ló kàn nígbà tí kìnnìún bá ń lé èèyàn bọ̀. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń lọ́ ọmọ, tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, tí òógùn ń bò ó. Kò sí kìnnìún ní kíláàsì, òótọ́ ni. Ìṣirò ló wà níbẹ̀, tàbí ìwé tí wọ́n ní kó dìde kà sókè níwájú ogójì ọmọ. Ara rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan bí àwọn kan ṣe máa ń sọ. Dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ní 1960, ó kọ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Wọ́n ní orí ń gbóná, nǹkan ń rìn wọ́n lórí, ojú ń ṣú wọn bí wọ́n bá ti ṣíwèé, wọ́n á kàwé títí, kò ní wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló ń pè é ní brain fag, orúkọ yẹn sì lọ jìnnà débi pé ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀ mẹ́nu bà á ní 1994. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn lórí rẹ̀ títí, n ò ní bá wọn dá sí i. Èyí tó kàn mí ni irú ọmọ tí ọmọ iléèwé jẹ́ láyé ìgbà náà. Odidi ẹbí ló máa ń dáwó jọ rán ẹnì kan ṣoṣo lọ síwèé. Bí ó bá fìdí rẹmi, kì í ṣe òun nìkan ló fìdí rẹmi. Ẹ wá sọ fún mi bí orí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣe ní gbóná.

Gbogbo ẹ̀rù kọ́ ni àìsàn o. Ọmọ oṣù mẹ́jọ tó ń ké mọ́ àlejò, làákàyè rẹ̀ ló ń pọ̀ sí i: ó ti mọ ìyá rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Ọmọ ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, òkùnkùn ni, ajá ni, àti ohun tí kò sí rárá. Tó bá ti wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé Mọ́mì lè kú, pé òun lè fẹ́èlì. Tó bá bàlágà, ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rù. Wọ́n ń wá, wọ́n ń lọ. Èyí tó yẹ kó kọ òbí lóminú ni èyí tó wá tí kò lọ, tó sì ń gba oorun, oúnjẹ, iléèwé tàbí eré mọ́ ọmọ lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi lórí èyí tó kàn yìí. Púpọ̀ nínú ẹ̀rù ọmọ, àwa òbí la fi kọ́ ọ. “Jẹun, àbí kí n pe dókítà kó wá fún ẹ lábẹ́rẹ́?” “Dákẹ́, ọlọ́pàá ń bọ̀.” “Máa ké lọ, egúngún á gbọ́ ẹ.” Lọ́jọ́ tí ara ọmọ náà ò bá yá, tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, tó rí nọ́ọ̀sì tó sì di férémù ilẹ̀kùn mú ṣinṣin, a ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Ta ló kọ́ ọ? Lọ́jọ́ tó bá sọnù lọ́jà, ọlọ́pàá tó yẹ kó sá tọ̀ ló máa sá fún.

Ọ̀rọ̀ orí méjì tún wà níbẹ̀. Ọmọ mú káàdì wálé, ipò karùn-ún ló gbà nínú ogójì. “Ẹni tó gba ipò kìíní, ṣé orí méjì ló ní ni?” Mo mọ̀ pé wọ́n sọ ọ́ fún àwa náà, a sì là á já. Àwọn kan nínú wa kò tíì là á já tán. Ẹ wo bí ọwọ́ àgbàlagbà mìíràn ṣe ń gbọ̀n tí wọ́n bá ní kó wá sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ.

Bí ẹ̀rù bá ti wọ ọmọ lára tán, ohun méjì ni òbí sábà máa ń ṣe. Àwọn kan á fi ẹnu lé e: “Kí ló wà níbẹ̀ tó ń bà ẹ́ lẹ́rù? Ọkùnrin kì í bẹ̀rù. Ṣé o ò rí àbúrò ẹ ni?” N ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ọmọ tó bá ń gbọ́ ọ kì í yéé bẹ̀rù. Sísọ fún yín ló ń yéé sọ.

Ohun kejì ni mo fẹ́ kí a jókòó tì, nítorí ìfẹ́ ló jọ, ìfẹ́ sì ni. Ọmọ ń bẹ̀rù òkùnkùn, ìyá lọ sùn tì í lálẹ́ ọjọ́ kan, ó di ọdún kan, bàbá ti ń dá sùn. Ọmọ kò lè kí àlejò, ìyá á bá a kí i: “Ó ní ẹ káàárọ̀, mà.” Ọmọ ń bẹ̀rù ajá, gbogbo ilé á máa gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n má bàa kọjá lójú ọ̀nà àbáwọlé onílé alájá. Ọmọ ń bẹ̀rù kí nǹkan má ṣe ìyá rẹ̀ lọ́jà, á pè é lórí fóònù kí wọ́n tó pàtẹ, á tún pè é lọ́sàn-án, á pè é tí òjò bá ṣú. “Mọ́mì, ṣé kò sí nǹkan?” “Kò sí nǹkan, ọkọ mi.” Kò ní pẹ́ tí á tún pè.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí ìyá bá ti ní, “Ó dáa, má lọ síléèwé lónìí,” ara ọmọ á fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìfúyẹ́ yẹn dùn púpọ̀. Ohun tí ọmọ sì kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ewu ni iléèwé lóòótọ́, ṣebí Mọ́mì náà gbà bẹ́ẹ̀, àti pé sísá ló gba òun là. Lọ́la, ẹ̀rù náà á ga ju ti òní lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní kíláàsì nígbà tí kò sí níbẹ̀ á di ẹ̀rù mìíràn lórí ti tẹ́lẹ̀. Owó èlé la ń yá san gbèsè: ọkàn balẹ̀ lónìí, gbèsè lé sí i lọ́la.

Eli Lebowitz, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, gbájú mọ́ ohun tí òbí ń ṣe yìí. Ó béèrè pé, ṣé ó di dandan kí ọmọ wá sílé ìtọ́jú? Tí a bá kọ́ òbí nìkan ńkọ́? Ìwádìí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2020 jẹ́ lórí ọmọ 124 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 7 sí 14, tí àníyàn ti di àìsàn sí lára. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn ọmọ ọ̀nà kìíní ń lọ jókòó pẹ̀lú olùtọ́jú fúnra wọn. Ní ọ̀nà kejì, òbí nìkan ló ń lọ, ọmọ kò yọjú rárá. Ohun tí wọ́n kọ́ àwọn òbí wọ̀nyí kò ju bí wọ́n á ṣe máa dá ọmọ lóhùn àti bí wọ́n á ṣe máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń bá ẹ̀rù ọmọ ṣe. Nígbà tí wọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò, àwọn ọmọ tí òbí wọn gba ẹ̀kọ́ rí ìtura gẹ́gẹ́ bí àwọn tó gba ìtọ́jú fúnra wọn.

Àwọn ará Abẹ́òkúta kò ní ya ẹnu sí èyí. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní 1954, ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé ní àwọn abúlé tó wà nítòsí, ó sì sọ ọ́ di dandan kí ará ilé kan bá aláìsàn wá, kó máa sè fún un, kó máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Lambo mọ̀ pé ẹni tí à ń bá gbé ní ipa nínú ara yíyá wa.

Báwo ni kí a wá máa dá ọmọ lóhùn? Ìdáhùn náà ní apá méjì, ẹ má sì ṣe já wọn síra. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ rí ẹ̀rù rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ó lè fara dà á. “Àyà ẹ ń já torí pé wàá kàwé sókè lọ́la. Ó le lóòótọ́. Mo sì mọ̀ pé wàá kà á, bí ohùn ẹ bá tilẹ̀ ń gbọ̀n.” Ẹni tó sọ apá kìíní nìkan ń bá ọmọ sunkún ni; ẹni tó sọ apá kejì nìkan ń pàṣẹ fún un ni. Ẹ kíyè sí i pé n ò ní kí ẹ ṣèlérí pé ohùn rẹ̀ kò ní gbọ̀n, tàbí pé kò sẹ́ni tó máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ò mọ̀. Bí ọmọ kan bá rẹ́rìn-ín lọ́la, tiyín ò ní ṣeé gbà gbọ́ mọ́. Ìbéèrè tó ń tún béèrè ní gbogbo ìgbà, ẹ dáhùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan dáadáa. Tó bá tún béèrè, ẹ ní, “A ti sọ ọ́. Ẹ̀rù yẹn ló tún ń béèrè. Wá bá mi bó ẹ̀gẹ́.”

Fún apá kejì yẹn, ilé Yorùbá ní ohun kan tí à ń jẹ́ kó lọ. Ìyá àgbà tó ki ọmọ láàárọ̀ kó tó jáde, tó pè é ní Àkànní, tó ka orírun rẹ̀ fún un, kò sọ fún un pé ewu kò sí níta. Irú ẹni tó jẹ́ ló ń rán an létí. Ẹ ki àwọn ọmọ yín. Àmọ́ ẹ má fi oríkì nà wọ́n: “Ọmọ ẹkùn, ìwọ lò ń sunkún?” Ìyẹn ti di orí méjì mìíràn.

Fífara dà kì í ṣe kí a há ọmọ tó ń bẹ̀rù ajá mọ́ inú ọgbà pẹ̀lú ajá. Àwọn kan ń ṣe é, wọ́n ń pè é ní ìkọ́ni. Ní 1924, obìnrin onímọ̀ kan ní New York, Mary Cover Jones, kọ ìtàn ọmọ kan tó pè ní Peter. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ó ń bẹ̀rù ehoro, ó ń bẹ̀rù aṣọ onírun, ìyẹ́ àti òwú. Jones kò bá a jiyàn pé ehoro kì í jẹ èèyàn. Ó mú àwọn ọmọ tí kò bẹ̀rù ehoro wá síbi tí Peter wà kí wọ́n jọ máa ṣeré, Peter ń wò wọ́n, ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí àìsàn fi gbé e lọ sílé ìwòsàn fún nǹkan bí oṣù méjì. Lọ́jọ́ tó ń padà bọ̀, bí òun àti nọ́ọ̀sì ti ń wọ takisí, ajá ńlá kan fò mọ́ wọn. Ẹ̀rù ba ọmọ, ẹ̀rù ba nọ́ọ̀sì náà. Ohun gbogbo padà sí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Òbí mìíràn á ti sọ pé a ti gbìyànjú, kò ṣiṣẹ́. Jones tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé Peter jókòó, ó fún un ní oúnjẹ tó fẹ́ràn, ó sì gbé ehoro tó wà nínú àgò jìnnà sí i nínú yàrá náà. Bí ọmọ ti ń jẹun, wọ́n ń sún àgò náà mọ́ ọn, kò ju ibi tí ara rẹ̀ gbà lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ṣí àgò. Nígbẹ̀yìn, Peter ń jẹ́ kí ehoro fi ẹnu tọ́ òun lọ́mọ ìka wò.

Nílé tiyín, kò gba ehoro. Fún ọmọ tí kò lè dá sùn, ẹ jókòó létí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún alẹ́ mélòó kan dípò kí ẹ sùn tì í. Kí àga yín wá sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Kí ẹ wá wà ní pálọ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ní ìlú tí iná ti ń lọ nígbà tó bá wù ú, ẹ fún un ní tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, kó mọ ibi tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Fún ọmọ tó ti ń sá fún iléèwé, ẹ bá àwọn olùkọ́ sọ ọ́: kó dé géètì lọ́jọ́ kan, kó jókòó ní ọ́fíìsì olórí iléèwé lọ́jọ́ kejì, kó ṣe iṣẹ́ méjì ní kíláàsì lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí òun náà dá sí bí ìgbésẹ̀ yóò ṣe rí. Tó bá ṣe é, ẹ yìn ín fún ṣíṣe é, kì í ṣe fún pé ẹ̀rù kò bà á. Ẹ̀rù bà á, ó sì ṣe é.

Nọ́ọ̀sì Peter yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, torí pé ojú àgbà ni ọmọ máa ń wò kó tó mọ̀ bóyá ewu wà. Ní 1985, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé ọmọ ọdún kan sórí tábìlì tí apá kan rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, tó fi dà bíi pé kòtò kékeré wà níwájú ọmọ. Ìyá dúró ní òdìkejì. Wọ́n ní kí àwọn ìyá kan fi ojú rẹ́rìn-ín, kí àwọn mìíràn ṣe ojú ẹ̀rù, kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Nínú ọmọ 19 tí ìyá wọn rẹ́rìn-ín, 14 ló rá kọjá. Nínú 17 tí ìyá wọn ṣe ojú ẹ̀rù, kò sí ẹyọ kan tó kọjá. Ojú lásán nìyẹn o. Ẹ wá wo ìyá tó ń ké “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” sí gbogbo tírélà láti Èkó dé Ìbàdàn, tí ọmọ wà níjòkòó ẹ̀yìn. Kì í ṣe pé kí ẹ̀rù má ba yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ rí ohun tí ẹ ń ṣe sí i: “Ọ̀nà yìí le. Mo ń rọra wà á.”

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ yìí kò bá ẹ̀rù tó ní ìdí mu. Nítorí náà, ẹ wádìí ná. Ọmọ tí kò fẹ́ lọ síléèwé mọ́ lójijì, ó lè jẹ́ pé àwọn àgbà kíláàsì ń gba owó oúnjẹ rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹgba olùkọ́ ti pọ̀ jù. Ọmọ tó ń sá fún lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ tàbí fún ará ilé kan, ó lè jẹ́ pé ẹni náà ń fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò nílò ìgbésẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kankan. Ààbò ló nílò, lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rù ọ̀nà náà sì wà. Ní oṣù January 2024, wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé gbé nínú bọ́ọ̀sì wọn ní Ẹmùrè-Èkìtì. Wọ́n rí wọn gbà padà, àmọ́ àwọn ọmọ tiwa gbọ́ ìròyìn yẹn. Irọ́ ni ká sọ fún wọn pé irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe fún ààbò wọn, ẹni tó ń mú wọn lọ, ẹni tó ń mú wọn bọ̀, nọ́ńbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ há sórí, kí ẹ sì pa rédíò ìròyìn tí wọ́n bá fẹ́ sùn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń dúró kí n dé orí àdúrà. Ẹ gbàdúrà pẹ̀lú ọmọ yín. Àdúrà ń fi ọkàn balẹ̀, ó sì ń jẹ́ kó mọ̀ pé kò dá wà. Ohun tí mo lòdì sí ni kí a sọ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pé ẹ̀mí búburú ló ń dá a láàmú. Ẹ̀rù ìdánwò ló mú wá. Ẹ ti fi ẹ̀rù ara rẹ̀ kún un. Kí a fi ebi tàbí pàṣán lé ẹ̀mí náà jáde, ìyà lásán ni, ẹnikẹ́ni tó bá dábàá rẹ̀.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí fún oṣù kan tí kò yí padà, tàbí tí ọmọ kò lọ síléèwé mọ́, tí kò jẹun, tí kò sùn, ẹ wá onímọ̀. Bó bá sọ ọ́ lẹ́nu pé òun ò fẹ́ wà láyé mọ́, ẹ má dúró di ọ̀la. Arò wà. Ilé ìwòsàn Yábàá ti wà láti 1907. UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó dá dúró fún ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́. Kì í ṣe ẹni tó ń já aṣọ nìkan ni wọ́n ń tọ́jú láwọn ibi wọ̀nyí, ẹ má jẹ́ kí ohun tí àdúgbò máa sọ dá yín dúró. Títí di January 2023 tí wọ́n buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, òfin ayé amúnisìn ló ṣì ń darí ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà. Òfin ti yí padà. Ó ku ẹnu àdúgbò.

Ẹ̀bẹ̀ méjì ni mo ní. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ka ipò àwọn ọmọ sókè níwájú gbogbo iléèwé mọ́. Ẹ fi káàdì lé kálukú lọ́wọ́. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá délé lónìí, ẹ bi ọmọ yín pé kí ló ń bà á lẹ́rù jù, kí ẹ sì gbọ́ ọ tán kí ẹ tó fèsì.